Fìlà Tí Kò Wọ Ilé Ìfọ̀

"Oyèwùmí, jọ̀wọ́ tún un fọn."

Àrìnọlá yọ fèrè tó sọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu, ó sì wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn. Òun kọ́ ló ń jẹ́ Oyèwùmí. Ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti jáde láti ìdájí. Orí òrùlé kan ní Ìlú Àtijọ́ ni yóò wà báyìí, tí yóò máa tú ilé àwọn tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n kí ni fèrè ìjọba mọ̀? Kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ìyàwó. Bí èémí ṣe lágbára tó nìkan ló ń wò. Òfin ní kí atúlé kọ̀ọ̀kan fọn fèrè tirẹ̀ nínú ilé ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ kó tó jáde, iná kékeré kan á sì tàn lára rẹ̀. Bó bá tan àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá tan àwọ̀ ọsàn, kí onítọ̀hún ṣọ́ra. Ti pupa ni Àrìnọlá kò tíì fojú rí.

Ó fa èémí, ó tún un fọn. Èémí náà dé ìdajì, ó já. Ikọ́ gbà á, ikọ́ gbígbẹ tí kì í mú nǹkan kan jáde, èyí tó ti ń pè ní ikọ́ ọyẹ́ láti bí ọdún méjì, ìbáà jẹ́ àkókò ọyẹ́, ìbáà jẹ́ àkókò òjò. Nígbà tó fi máa gbé ojú sókè, fèrè ti pọ́n fòò.

"Oyèwùmí, dúró de nọ́ọ̀sì. Ó ń bọ̀ kí agogo ìṣíwọ́ tó lù."

"Wàhálà ẹ ti pọ̀ jù," ni Àrìnọlá sọ fún un, ó sì dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Iná pupa náà ṣì ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ó ti sùn, ó ti jí, àárẹ̀ náà sì jí pẹ̀lú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ń wo kọ́tìnì tuntun tó ká sórí àga. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ rán an. Kọ́tìnì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ní Àgọ́ Atúlé, torí fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí. Gíláàsì ni wọ́n fi dí gbogbo rẹ̀ pa nítorí eruku tó ń ti Ìlú Àtijọ́ wá. Fún Òkè Atẹ́gùn ni Àrìnọlá rán kọ́tìnì yìí. Ó ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí wọ́n kó àwọn ìyàwó atúlé lọ wo ilé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti fèrèsé kan síta, atẹ́gùn sì fẹ́ lù ú lójú tòun ti òórùn ewé tútù. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń sá aṣọ sórí okùn níta gbangba, láìfi nǹkan kan bò ó! Àrìnọlá sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ní eruku ló wọ òun lójú, bẹ́ẹ̀ eruku kankan kò sí lórí òkè yẹn.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni atúlé gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ kí òun àti aya rẹ̀ tó lè lọ gbé lórí òkè. Jímọ̀ mẹ́ta péré ló kù fún Oyèwùmí. Ẹni tí fèrè bá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún rẹ̀ tó pé, inú Àgọ́ ni yóò wà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Àwọn tó kọ òfin náà ń gbé lórí òkè láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ẹ má bi mí pé ọdún mélòó ni wọ́n fi tú òrùlé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni fèrè kọ́kọ́ tan àwọ̀ ọsàn fún Oyèwùmí. Ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, wọn á sì yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí yìí kan náà, fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbé e sẹ́nu. Àrìnọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí eré bí eré. "Ẹ gbé e wá jàre," ló wí, "ṣebí ara kan náà ni wá." Ó fọn ọ́n, àwọ̀ ewé tàn yòò. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá ọkọ dúró. Láti ọjọ́ náà ni Oyèwùmí ti ń jáde ní tirẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń yá a ní èémí lẹ́yìn rẹ̀. Èémí obìnrin tí kò gun òrùlé rí, tí kò tú páànù rí, èémí tó mọ́ ni.

Nítorí náà, fèrè ló bàjẹ́. Ohun tí Àrìnọlá sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn títí agogo méjì fi kọjá, tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì náà kò tíì pé ogójì ọdún. Fẹ̀yìntọlá ni orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, báàgì ńlá kan wà léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ilé."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wá jókòó. Ṣé wàá mu omi?"

"Màá mu ún, mà. Ẹ ṣé." Ó mu ún tán láìmí kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́."

"Ìgbà wo ni wọ́n jáde?"

"Ìdájí ni." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó rántí.

Fẹ̀yìntọlá wo dígí kékeré tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Kò bínú, kò sì jọ pé ó yà á lẹ́nu. "Agogo mẹ́fà ni ẹnubodè kọ orúkọ Bàbá Oyèwùmí sílẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ni fèrè wọn dún nínú ilé yìí. Mà, ta ló fọn fèrè?"

Àrìnọlá wolẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Ẹni kẹrìnlá lóṣù yìí lẹ jẹ́. Ìyàwó ń fọn ọ́n fún ọkọ, àbúrò ń fọn ọ́n fún ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan wà ní ọ̀nà kẹjọ tó fi páǹpù táyà fọn tiẹ̀." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, àárẹ̀ kò jẹ́. "Ẹ̀yin ni, àbí?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fọn ọ́n, iná pupa yẹn kì í ṣe ti Bàbá. Tiyín ni."

Àrìnọlá kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. "Fèrè ló bàjẹ́. Ikọ́ ọyẹ́ ló ń ṣe mí."

"Oṣù kẹfà la wà, mà. Òjò ló ń rọ̀ láti àná." Ó ti ń tú báàgì rẹ̀. "Ṣé ẹ ti wọ Ìlú Àtijọ́ rí?"

"Láyé mi, mi ò débẹ̀ rí."

"Ẹ jẹ́ kí n wo àyà yín."

Ohun tó fà yọ fẹ̀ tó àwo ìgbóúnjẹ, ó sì tín-ín-rín bí ìwé. Àwọn ará Àgọ́ ń pè é ní dígí àyà. Àwọn ọkùnrin nìkan ni wọ́n máa ń gbé e síwájú wọn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí òfin sọ pé ẹni tí kò wọ Ìlú Àtijọ́ kò lè ní àrùn eruku. Fẹ̀yìntọlá gbé e lé àyà Àrìnọlá, ó yí ojú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí òun náà lè rí i. Egungun ìhà yọ. Ọkàn yọ, ó ń sọ. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì yọ, dúdú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ wọn funfun wínniwínni, bí ibi tí aláǹtakùn ti ta òwú sí.

"Ibi tó dúdú yẹn, atẹ́gùn ló kún ibẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibi tó funfun yìí, àpá ni."

"Àpá kẹ̀? Ta ló dá ọgbẹ́ sí mi nínú?"

"Òwú òkúta."

Kò sí ọmọdé tí kò mọ orúkọ yẹn ní Àgọ́. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni àwọn àtijọ́ ń pè é. Wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi ṣe páànù òrùlé, wọ́n fi ṣe àjà, wọ́n sùn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n bímọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n kú, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni láti tú.

"Fọ́nrán rẹ̀ tínrín ju irun lọ," Fẹ̀yìntọlá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. "Ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀. Téèyàn bá fà á símú, á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró pátápátá, níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó máa ń gbé ìdọ̀tí mì. Wọ́n á wá, wọ́n á fẹ́ gbé e mì, fọ́nrán náà á gùn jù wọ́n lọ. Wọ́n á kú sídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn á dé, àwọn náà á kú. Òwú yẹn kì í jẹrà, kì í yọ́, kò sì ní ibi tó ń lọ. Nígbà tó bá sú ara, ara á ṣe ohun tó máa ń ṣe sójú ọgbẹ́, á fi àpá bò ó. Àpá lórí àpá, fún ogún ọdún. Ẹ fọwọ́ kan orúnkún yín níbi tẹ́ ẹ ti ṣubú lọ́mọdé. Ṣé awọ ibẹ̀ rọ̀? Bó ṣe rí nínú lọ́hùn-ún nìyẹn. Ó yẹ kí ẹ̀dọ̀fóró máa fẹ̀ kó máa sún kì. Tó bá ti le, kò lè fẹ̀ mọ́."

"Fúkù mi ti ń di pọ̀nmọ́ nìyẹn," ni Àrìnọlá wí.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Fẹ̀yìntọlá láìròtẹ́lẹ̀, ó sì sáré fọwọ́ bò ó. "Ẹ má bínú, mà."

"Rín in, ọmọ mi. Èmi ni mo sọ ọ́." Ó fa aṣọ rẹ̀ bo àyà. "Ṣé oògùn wà tó ń wẹ̀ ẹ́ kúrò?"

"Oògùn wà tó ń dín ikọ́ kù. Ẹ̀rọ wà tó ń báni mí. Èyí tó ń pa àpá rẹ́, a ò tíì rí i ṣe. Ilé ń sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ń fò, èyí nìkan la ò rí ṣe." Ó gbé dígí padà sínú báàgì, ṣùgbọ́n kò dìde. "Ibi tẹ́ ẹ ti rí i ni kò yé mi. Ṣé Bàbá máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ wálé?"

"Ká má rí i! Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ Ilé Ìfọ̀ lẹ́nubodè. Bàtà, ìbọ̀wọ́, ẹ̀wù, títí dórí ṣòkòtò péńpé. Omi ni wọ́n fi ń wẹ̀ wọ́n látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó jáde."

"Gbogbo rẹ̀ pátá?"

"Gbogbo..." Ojú Àrìnọlá ti lọ sára ògiri. Ìṣó kan wà níbẹ̀, fìlà òfì tí Oyèwùmí dé lánàá sì wà lórí ìṣó; èkejì rẹ̀ ló dé jáde lónìí.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ fìlà ṣe jẹ́. Kò sí ọkùnrin Àgọ́ kan tó ń bọ́ fìlà rẹ̀ fún Ilé Ìfọ̀. Orí ẹni ni fìlà ń bò. Ta ni yóò gbé ohun tó bo orí òun fún ẹ̀rọ tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń kó ìdọ̀tí wọn sí, kí wọ́n tún wá pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn? Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ìjọba ní kí wọ́n máa kó fìlà wá, wọ́n sì gbà lẹ́nu. Abẹ́ àkoto ni wọ́n ń dé e sí lọ, inú àpò oúnjẹ ni wọ́n ń ká a sí bọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè mọ̀, fìlà tiwọn náà wà lábẹ́ àkoto tiwọn. Bí ọkùnrin bá dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, yóò na fìlà sí aya rẹ̀ kó tó jókòó. Aya á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á gbọ̀n ọ́n lu àtẹ́lẹwọ́, pà, pà, pà, á fi ẹnu fẹ́ eruku ojú rẹ̀ kúrò, á ní, "Orí yín kú iṣẹ́ o," á sì fi kọ́ ìṣó. Ìyàwó tí kò bá gbọn fìlà ọkọ rẹ̀ ń bínú ni, gbogbo ojúlé á sì gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí agogo ìṣíwọ́ bá ti lù nírọ̀lẹ́, pà pà pà yẹn á gba gbogbo Àgọ́ kan. Àrìnọlá fẹ́ràn ìró náà. Ó ń sọ fún un pé àwọn ọkọ ti wálé.

Fẹ̀yìntọlá dìde. Ó pa iná yàrá, ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde, iná elésè àlùkò ló tàn, ó sì tàn án sára fìlà náà. Fìlà ń dán wínríwínrí láti etí dé etí, bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i lórí.

Àrìnọlá na ọwọ́ sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Gbígbẹ ló fi ń fò. Ẹ fi omi rin ín, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù wé e. Tó bá ti tutù, kò ní í lè dìde."

"Mo máa ń fẹ́ ẹ ni," Àrìnọlá ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Màá fẹ́ ẹ, fúú, títí á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni màá wá fa èémí sínú." Ó tún jókòó. "Ọdún mẹ́rìnlélógún."

Kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ bà á nínú jẹ́. Ikú ti ń gbé ní Àgọ́ tipẹ́. Ohun tó dùn ún wọra ni pé, nínú gbogbo ohun tó ń ṣe lójúmọ́, ìyẹn nìkan ni kì í rẹ̀ ẹ́ láti ṣe. Bí Oyèwùmí bá na fìlà, tí òun gbà á, ojú ọkùnrin náà á rọ̀, á sì dà bí ẹni pé òrùlé gbogbo ayé ti bọ́ kúrò léjìká rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá rántí Ìbídùn.

Ìbídùn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, fẹ́ atúlé lọ́dún tó kọjá. Ojúlé karùn-ún sí tiwọn ni tọkọtaya náà ń gbé. Àrìnọlá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní fìlà gbígbọ̀n ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, tó ní kó má fi ìmẹ́lẹ́ ṣe é, kó fẹ́ ẹ dáadáa, kí ọkọ rẹ̀ lè mọ̀ pé ó rí ẹni fẹ́.

"Mà, ẹ gbọ́ mi." Fẹ̀yìntọlá ti tan iná padà. "Mo lè kọ ọ́ pé fèrè ló bàjẹ́. Màá fún yín ní tuntun. Jímọ̀ mẹ́ta ni. Ẹ wá ẹni tí èémí rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ ó sì gòkè. Atẹ́gùn ibẹ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ díẹ̀ sí i, mi ò ní í parọ́ fún yín. Tàbí kí n kọ fìlà. Ṣùgbọ́n ìwé wa kì í gba ìdajì ọ̀rọ̀. Tí mo bá kọ fìlà, wọ́n á ní àyà ta ni mo ti rí ẹ̀rí. Tí mo bá kọ àyà yín, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fọn fèrè. Bàbá ò ní í wọ ẹnubodè mọ́ láti ọ̀la lọ."

"Tí o ò bá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹnubodè ò ní í gba fìlà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìsí ìwé. Àwọn ìyàwó tó ti kú ní Àgọ́ yìí, ikọ́ ọyẹ́ la kọ sí ìwé gbogbo wọn. Èmi náà kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo fi dígí wò nínú àwọn obìnrin."

Àrìnọlá rántí Ìyá Àlàbá, aládùúgbò rẹ̀, tó kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn méjèèjì máa ń wúkọ́ sí ara wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Bí ọ̀kan bá wú u, èkejì á dáhùn, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo lè bá àwọn obìnrin sọ ọ́ lẹ́nu," ló wí. "Mo lè yọ́ sọ fún ọmọ mi."

"Ẹ lè sọ fún wọn. Ká ní ẹnì kan wá bá yín lánàá pé kẹ́ ẹ má gbọn fìlà Bàbá mọ́, kí lẹ máa wí?"

Àrìnọlá mọ ohun tí òun ì bá wí. Ì bá ní onítọ̀hún ń wá ọkọ òun. Ìbídùn náà á sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ á rẹ́rìn-ín, á sì na fìlà.

"Ìwé mi gbọ́dọ̀ lọ kí agogo tó lù," ni Fẹ̀yìntọlá wí jẹ́jẹ́.

Àrìnọlá gbé kọ́tìnì náà lé itan. Ó fi ọwọ́ tọ etí rẹ̀, níbi tó ti ṣẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ojú abẹ́rẹ́ kékeré kékeré. Ó ti wọn fèrèsé náà pẹ̀lú apá lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, kí kọ́tìnì má bàa kúrú. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó bínú sí ìjọba, ó bínú sí fèrè, ó bínú sí ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí tí kò kọ ọ̀kan nínú méjèèjì láìbéèrè lọ́wọ́ òun. Ta ló ní kó bi òun?

"Kọ ọ́," ló wí.

"Kí n kọ èwo, mà?"

"Fìlà. Kọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà. Má sì wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, kì í ṣe pé inú mi dáa. Mo fẹ́ fèrèsé yẹn, ọmọ mi. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

Fẹ̀yìntọlá kọ ọ́. Ó ní kí Àrìnọlá tẹ àtàǹpàkò sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń jáde lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, eékún méjèèjì kanlẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ní Àgọ́. Ó dìde, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Agogo lù. Ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọ̀nà. Àrìnọlá mọ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ láàárín wọn, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dúró sinmi kó tó gun àtẹ̀gùn mẹ́rin ẹnu ọ̀nà wọn tán. Oyèwùmí wọlé. Ara rẹ̀ ti rù, omi ìwẹ̀ ẹnubodè ṣì wà ní etí rẹ̀. Ó fa fìlà yọ nínú àpò oúnjẹ, ó nà án sí i.

"Ìyá Ìbídùn, mo dé o."

Ọwọ́ Àrìnọlá méjèèjì gbéra fúnra wọn. Ó dá wọn padà, ó kó wọn sẹ́yìn.

"Kí ló dé? Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Bàbá Ìbídùn, ẹ rọra gbé e sílẹ̀. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ jókòó."

Ó sọ ọ́ fún un: fèrè, dígí, fìlà, ìwé. Kò pẹ́ rárá, ó tilẹ̀ yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀. Oyèwùmí wo fìlà tó wà lórí tábìlì.

"Ọwọ́ èmi," ló wí. "Ọwọ́ èmi ni mo fi ń nà án sí ẹ."

"Ẹ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀."

"Jímọ̀ mẹ́ta, Àrìnọlá." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ká ní o bi mí ni, màá ní kó o má tẹ̀ ẹ́."

"Ìdí tí mi ò fi bi yín nìyẹn."

Ó fẹ́ fèsì, ikọ́ kò jẹ́. Kó tó wú u tán, ìró fìlà ti bẹ̀rẹ̀ níta. Pà, pà, pà, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Pà, pà, láti òdìkejì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, láti ojúlé karùn-ún, ọwọ́ kan tó yá ju ti gbogbo wọn lọ, ọwọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Àwọn méjèèjì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Àrìnọlá fa kọ́tìnì kúrò lórí àga, ó tì í bọ inú bàsíà omi, ó sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Sáré!" ni Oyèwùmí kígbe lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n sísáré kò sí lára ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yẹn. Ó rìn. Ó dé ojúlé kejì, ó di ògiri mú. Ó dé ojúlé kẹrin, ọ̀nà ń yí i lójú, àyà rẹ̀ kọ̀ láti fẹ̀. Ìró náà dákẹ́ ní ojúlé karùn-ún. Ó mọ ohun tó kàn.

Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, fìlà ọkọ rẹ̀ wà lórí àtẹ́lẹwọ́, ó ti ká ètè jọ láti fẹ́ ẹ. Àrìnọlá da kọ́tìnì tútù náà bo fìlà àti ọwọ́, ó sì dì í mú.

"Màmi! Kí ni mo ṣe?"

Àrìnọlá la ẹnu, ohùn kankan kò jáde. Ó dúró, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú nínú aṣọ náà, ó ń dúró de èémí.